Ìyá Tí Mo Kọ Márùn-ún Fún

Káfúrà ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn nílé ìyá náà, káfúrà tó pọ̀ débi pé ó ń ta mí lójú. Ilé ilẹ̀ kékeré kan ni, ní ẹ̀yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, pálọ̀ tó mọ́ tónítóní, aṣọ funfun lórí ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, àwòrán ìgbéyàwó lára ògiri, ìwé orin tó ti gbó lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ káfúrà yẹn. Ṣé o mọ òórùn ẹran inú fìríìjì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó rántí ẹran? Òun gan-an ni. Má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ, imú mi ti mọ̀ kí ẹnu mi tó kí ìyá náà. Síbẹ̀, kí n tó jáde nínú ilé yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ le, márùn-ún nínú márùn-ún. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rí mi lára. Ara mi ló kọ́kọ́ ń kó mi nírìíra kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, iṣẹ́ ò sí, èmi àti ìyá mi nìkan la jọ wà nílé. Àwọn kan wá ń ṣe ìwádìí nípa ìlera àwọn àgbà, wọ́n ń wá àwọn tó máa bá wọn bi èèyàn ní ìbéèrè láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, wọ́n fi ọjọ́ méjì kọ́ wa níṣẹ́. Ìbéèrè márùn-ún péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Báwo ni ìlera yín? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ìrora kankan ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ lè ṣe iṣẹ́ ilé yín fúnra yín? Ṣé inú yín ń dùn? Wọ́n á dáhùn, ìwọ á fi bírò yípo nọ́ńbà: ení ni pé kò dáa rárá, àrún ni pé ó dáa gan-an. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá kéré, a máa já ìwé yẹ́lò kan fún un, ìwé yẹn á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀, ara ẹ̀ le nìyẹn, kò sí ìwé fún un. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ méjì, a máa padà lọ bi àwọn èèyàn kan náà ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn ṣeé gbára lé.

Ọ̀gá wa fẹ́ràn fọ́ọ̀mù yẹn bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí ọmọ. Ọkùnrin kan báyìí ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí i kó wọ ilé àgbàlagbà kankan rí. "Ẹ béèrè, ẹ kọ ọ́, ẹ máa lọ," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ má tún un béèrè. Ohun tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ lẹ máa kọ." Gbogbo wa ní yẹs sà.

Ìwọ náà gbà mí o. Ta ni wọ́n máa bi nílẹ̀ yìí pé báwo ni ìlera yín, tí kò ní sọ pé a dúpẹ́? Ìkíni ni! Àjèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé ọ, o ò tíì bu omi fún un, ó ní ṣé ara le, ìwọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sílẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan? Wọ́n á ní orí ẹ ò pé. Bàbá káfíńtà kan wà ní Ọ̀yọ́ tí mo bi. Ọwọ́ kan ló fi di ìbàdí mú, ó fi ìkejì di ògiri mú, kó tó lè rọra jókòó, ó sì mí hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù wá láti oko. Mo ní, "Bàbá, ṣé ìrora kankan ń yọ yín lẹ́nu?" Ó wò mí bíi pé mò ń ṣépè fún òun. "Ìrora? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò ní jẹ́ tèmi." Mo fẹ́ tún ẹnu mi ṣe, ó ní, "Ọmọ yìí, mo ní ara mi le koko bí ọta!" Àrún nìyẹn. Ìyá kan húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ẹnu, ó ní alhamdulillahi. Àrún. Mùsùlùmí ni o, Onígbàgbọ́ ni o, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wọlé, kí ọ̀tá má baà rí nǹkan fi yọ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò dáhùn ìbéèrè wa o, wọ́n kàn ń kí wa padà ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìwọ lò ń gbé inú ara wọn ni? Ẹni tó ni ara ló mọ bó ṣe ń ṣe é." Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn burú ni pé òótọ́ ni. Ẹni tó ni ara ló mọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ pé ó mọ̀, ìyẹn ò ní kó sọ fún ọ. Mo kó fọ́ọ̀mù mi, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ti dàgbà, èèyàn sì máa mọ̀ láti inú bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan délẹ̀délẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Ìlọrin, orí fóònù ni wọ́n ti máa ń kíra. Oòrùn ọ̀sán mú lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ń wá ibi tí atẹ́gùn wà, ìyá yìí wá wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn sí ẹsẹ̀ òsì, ó sì fa ìró wálẹ̀ lé e lórí. Eṣinṣin kan ò yéé bà lé etí ìró yẹn. Ó ń lé e, ó ń padà wá.

"Mọ́mì, báwo ni ìlera yín?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le."

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn, mà?"

"Mò ń sùn dáadáa." Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò fi ojú ba oorun láti ọjọ́ mélòó kan.

"Ìrora ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa, torí mo lò ó láti fi wo ọwọ́ aago mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò sí nǹkan kan." Mo yípo àrún. Ó wá dìde láti lọ bu omi fún mi, ó ń di àga mú, ó ń di tábìlì mú, ó gbé omi tútù àti bisikíìtì sórí tíréè wá. Ọmọlúwàbí èèyàn! Èmi ò lè gbé omi yẹn sẹ́nu. Itọ́ ti kún ẹnu mi bámú. Mo díbọ́n bí ẹni tó mu ún, mo ní ẹ ṣeun mà, mo sáré jáde. Odindi búkù ìwé yẹ́lò ló wà nínú báàgì mi, mi ò tíì já ẹyọ kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu gọ́tà iwájú ilé, mo tutọ́ púà, mo tún tu òmíràn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Kọ́tìnnì wíńdò ń mì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo padà lọ. Ìyá náà ti gbé àga sí fàráńdà dè mí, ìyẹn nìkan ló yẹ kó ti dà mí láàmú. Ó ti fi páúdà sára, lọ́fíńdà tó fín sára lè pa yànmùyánmú. Kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n sún mọ́ òun. Àga tèmi wà lápá ọ̀hún lọ́hùn-ún, lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo ní kí n bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi bí ìgbà tí tíṣà bá ń dá ọmọ kíláàsì dúró. "Kọ márùn-ún," ó ní. "Márùn-ún sí gbogbo rẹ̀." Ǹjẹ́ mo bi í pé kí ló dé? Rárá o. Inú mi dùn pé iṣẹ́ yá. Mo yípo àrún lọ́nà márùn-ún, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo bá ọ̀kadà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá jọ ní Ọ̀yọ́ láti wá gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa, tèmi ni ọ̀gá wa gbé sókè. Míìtìpáì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, èérún rẹ̀ ń já bọ́ sórí ìwé àwọn àgbàlagbà yẹn, ó sì ń fi ìka gbá a dànù bí ó ṣe ń ṣí i. "Ẹ wo ti àkọ́kọ́, ẹ wo ìkejì," ó ní. "Kò yẹ̀! Ẹyọ kan ò yẹ̀! Ìdáhùn tó ṣeé gbára lé là ń wò yìí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣíọ̀! Òpùrọ́ tó bá ti há irọ́ rẹ̀ sórí, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó o bínú sí nìkan. Mo dìde, mo tẹríba, mo ní ẹ ṣeun sà, inú mi sì dùn délẹ̀. Mo gba míìtìpáì tèmi, mo jẹ ẹ́ tán. Tí mo bá rántí míìtìpáì yẹn báyìí, ẹ̀gbin ni lẹ́nu mi.

Mo délé lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Mo ní, "Ẹ kúulé mà, ṣé ara le?" Ó ní, "A dúpẹ́, ara le." Ibi tí mo ti ń bọ́ bàtà ni mo ti gbójú sókè. Ó ti fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan sì ti wú sókè. Mo ní kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní ẹ̀kọ. Àná ńkọ́? Ẹ̀kọ. Ìyá tí kì í jẹ ẹ̀kọ àyàfi tí kò bá sí nǹkan mìíràn nílé! Mo ní, "Mọ́mì, kí ló ń ṣe yín?" Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Eyín ni. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

"Mọ́mì! Ojoojúmọ́ ni mò ń bi yín."

"Ò ń kí mi ni," ó ní, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ tó jáde látinú ìyá yìí lèmi, inú ilé kan náà la jọ ń sùn, ó jẹ ẹ̀kọ fún ọjọ́ mẹ́rin, mi ò mọ̀. Kí ni ìyá tí mi ò mọ̀ rí fẹ́ sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta? Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo mú ìyá mi lọ tọ́jú eyín, mo já ìwé yẹ́lò kan láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kọ orúkọ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ sí i, mo wọ mọ́tò. Àdúrà ni mò ń gbà lọ́nà pé kí n bá a lórí àga rẹ̀.

Àga wà ní fàráńdà, kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀. Obìnrin kan ń fọ ilẹ̀ pálọ̀, ó ti kó gbogbo tìmùtìmù síta sínú oòrùn. Mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá, mo na ìwé yẹ́lò sí i. Ó wo ìwé, ó wo èmi. Ọmọ tó wà ní Ìlọrin nìyẹn. Ó ní àwọn ará ilé kejì ló pe òun lórí fóònù pé ìyá òun ti dákú, ìtọ̀ ṣúgà ló ní láìmọ̀, egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ti jẹ wọ eegun. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ó ní dókítà sọ pé ká ní wọ́n tètè gbé e wá ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ni, fífọ̀ ni wọn ì bá fọ egbò yẹn, kò ní la gígé lọ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá bi í?" ó ní.

Mo ní èmi ni, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi, orí fóònù ni mo wà, mi ò lè gbóòórùn lórí fóònù. Ẹ̀yin wá síbí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni imú yín wà fún?"

Mo dúró sẹ́bàá gọ́tà yẹn, mo pe ọ̀gá wa, mo ní ká tún fọ́ọ̀mù ìyá náà ṣe. Ó ní wọ́n ti fi ránṣẹ́. Mo ní, "Sà, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn." Ó ní, "Nígbà tí o bi wọ́n, ṣé wọ́n ti gé e?" Mo ní rárá. "Kí ló wá kù? Ìdáhùn wọn ò yẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì." Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò gbé e fún un mọ́ títí dòní.

Mo lọ bá ìyá náà lọ́sibítù. Ó rí mi látọ̀ọ́kán, ó fa aṣọ ìbora dé àyà. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Ó ní, "A dúpẹ́. Ara ti ń le." Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ lára máa ń sọ ọ́ láìmọ̀ pé àwọn sọ ọ́. Mo gbé àga kékeré kan, mo gbé e sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì títí orúnkún mi fi kan irin rẹ̀, mo jókòó. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

"Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn," ó ní nígbà tó yá. "Lẹ́nu gọ́tà."

Mo ṣubú lé etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń sunkún, mo ní kí ó foríjì mí. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì bínú. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì. Ó ní òun ti fẹ́ sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí mo béèrè ìrora. Ó ní, "Bí wọ́n bá bi àgbà lẹ́ẹ̀kan, a dúpẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, a dúpẹ́ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ̀rọ̀ tó ń jáde. Mò ń dúró dè ọ́ kó o tún bi mí, ò ń wo aago. Nígbà tí mo wá rí ọ tí ò ń tutọ́ nítorí mi, mo ní ọ̀rọ̀ yìí kò tún ní jáde lẹ́nu mi mọ́. Ọwọ́ epo làráyé ń bá ni lá."

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Àmọ́ ta ló pa ìyá náà lẹ́nu mọ́? Mo nu ojú mi. Mo ní, "Mà, níbo ló ń dùn yín?" Ó ní kò sí. Mo tún bi í. Ó ní a dúpẹ́. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá náà yí ojú sí mi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀ lọ sí etí.

"Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni," ó ní. "Ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gbé lọ. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń dùn mí, mo sì ń bẹ̀rù pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ti ń ya wèrè."

Mi ò sọ fún un pé ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbé ọwọ́ lé orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ní kí ó fi hàn mí, ìka wo ni. Ó ní èyí tó kéré jù. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, pé oògùn wà fún un, pé ká ní ìyá ti sọ ni wọn ì bá ti fún un láti ìjẹta. Wọ́n fún un lóògùn, ó sì sùn níṣojú mi. Mo ti di tíṣà báyìí, mi ò tún gbé fọ́ọ̀mù kankan wọ ilé onílé mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ wà níbì kan. Àwọn tí mi ò mọ̀ ti kà á mọ́ tàwọn yòókù, wọ́n sì gbà á gbọ́ pé ìlera ìyá yẹn dáa gan-an, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi í tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yẹ̀, tí orúkọ èmi tí mo bi í sì wà nísàlẹ̀.